Àpótí Tí Mùsílíù Wò Sàn

Bí ẹ bá dé Ùsì, tí ẹ ń wá ẹni tó gbọ́n jù nínú ìlú, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú kiri. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùsílíù Àrẹ̀mú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbé èrò, kí ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ẹ béèrè tán kó tó dá yín lóhùn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, pẹ̀lú àwọn ańpilifáyà tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì fi ń dí ara wọn létí. Baba Rédíò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ká sọ tòótọ́, ta ló tún ń gbé rédíò lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe láyé ìsinsìnyí? Inú fóònù ni gbogbo wa ti ń gbọ́ ìròyìn. Gbogbo Ùsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi Mùsílíù.

Ọkùnrin náà kò lè lanu kó má fi ẹnìkan ṣẹ̀sín. Àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì, "àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná pa nǹkan" ló ń pè wọ́n. Àwọn tó kàwé iná mànàmáná ní yunifásítì, ó ní wọ́n mọ orúkọ ọbẹ̀, wọn ò mọ bí a ṣe ń dá iná. Ṣùgbọ́n ohun tó kórìíra jù ni ìwé tó máa ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí, èyí tó ń sọ bí a ṣe ń lò ó. "Ẹni tí kò mọ uṣẹ́ ló ń ka ìwé," ni yóò wí, yóò fà á ya, yóò fi nu òróró ọwọ́ rẹ̀ nù.

A kì í tìtorí pé a bínú sí ènìyàn ká purọ́ mọ́ ọn: etí Mùsílíù dára. Bó bá dúró síta mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n ń pe ìrun, yóò sọ fún yín pé súpíkà apá òsì ti fẹ́ ya, kó sì tó di ọ̀sẹ̀ kejì, súpíkà náà á ya lóòótọ́. Ohùn tó kẹ̀, ohùn tó ń ha, ohùn tó ń gbọ̀n, òun ni ọ̀tá tó ti ń bá jà láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bó bá ti lé ọ̀tá yẹn jáde nínú ẹ̀rọ kan tán, yóò mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná, yóò kán an sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá tú u lẹ́yìn òun. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: IṢẸ́ TÓ BÁ NÍ ÀMÌ PUPA, BÓ BÁ BÀJẸ́, BABA RÉDÍÒ YÓÒ TÚN UN ṢE LỌ́FẸ̀Ẹ́. Láti Ayégbajú títí dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, bí ènìyàn bá dojú ẹ̀rọ kan délẹ̀ tó rí àmì pupa mẹ́rin nísàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo orúkọ tí Mùsílíù ní láyé kò ju àmì yẹn lọ.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àwọn ọkùnrin méjì àkọ́kọ́ ti gba Èkó lọ, ọ̀kan ń wa mọ́tò, ìkejì ń ta bàtà, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nínú wọn. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní orí wọn kò gbé e ni. Rẹ̀mílẹ́kún ni àbígbẹ̀yìn, ọdún tí ìyá Mùsílíù kú ni wọ́n bí i, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ wọn nílé ìwé ló kọ́ ọ ní gìtá títa, tó sì fi gìtá náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọmọ náà ti pé ogún ọdún báyìí, ó wà ní yunifásítì l'Ọ́yẹ̀ẹ́, ó sì mọ gìtá ta ju bó ṣe mọ ìwé lọ.

Nínú ìsinmi tó kọjá ni Rẹ̀mílẹ́kún gbé páálí kékeré kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Dúpẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó, ló fi ránṣẹ́ sí i. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: pánẹ́ẹ̀lì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, résísítọ̀ àti kàpásítọ̀ bíi mélòó kan, tiransísítọ̀ méjì, wáyà, bọ́tìnnì ńlá kan àti kékeré kan, bátìrì, àpótí irin tó ṣófo, àti ìwé.

"Kí nìyí?" ni Mùsílíù bi í.

"Fọ́ọ̀sì ni, Bàámi. Wọn ò tíì tò ó pọ̀. Ẹni tó rà á ló máa tò ó fúnra rẹ̀."

"Kí ló wà fún?"

"Wáyà gìtá á wọ ẹ̀gbẹ́ kan, ti ańpilifáyà á wọ ìkejì. Béèyàn bá ti fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì yìí, ohùn gìtá á kẹ̀. Á máa bú ramúramù."

Mùsílíù yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ó kẹ̀ ni, àbí kí ó má kẹ̀?"

"Kí ó kẹ̀ ni, sà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn."

Ẹ̀rín pa Mùsílíù títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó di tábìlì mú. "Ẹ gbà mí! Òyìnbó jókòó, ó ronú, ó wá kó àìsàn sínú páálí, ó ń tà á! Súpíkà tó ya tí mo ti ń lẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ, àṣé ọjà gidi ni! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dúpẹ́!"

Rẹ̀mílẹ́kún dúró kó rẹ́rìn-ín tán. Ó wá ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Ìkọ̀lé, Gbóyèga ló ń darí rẹ̀, ẹni tó ń ta gìtá fún wọn ti lọ sí Àbújá, wọ́n sì fẹ́ mú ẹlòmíràn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbọ́ ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ. Orin kan wà tó jẹ́ pé láàárín rẹ̀, gìtá gbọ́dọ̀ ké bí ẹranko tí wọ́n há mọ́. Ẹni tí kò bá lè mú irú ohùn yẹn jáde, kó má wulẹ̀ wá. "Ọdún méjì ni mo ti ń wá ẹgbẹ́ tí mo máa bá ṣeré, Bàámi. Wọn kì í fẹ́ gba obìnrin. Gbóyèga ní òun máa gbọ́ mi. Ẹ kàn jẹ́ kí n lo àyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń jó òjé, àti ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín."

Mùsílíù mọ Gbóyèga. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin tó ń wọ awò dúdú nínú ilé, tí ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún méjèèjì, tó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rà á lọ́jà. "Abájọ," ni Mùsílíù wí. "Ẹni tó ra ṣòkòtò tó ya, kò burú bó bá ń wá ohùn tó ya."

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó dùn débi pé ó ní láti yíjú sí ògiri. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ mẹ́ta, ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ kan máa kọ́kọ́ tọrọ àyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kó sọ ọ́ kẹ̀! Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ ọmọ náà, ó ní, "Má jó tábìlì mi o."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Rẹ̀mílẹ́kún fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó gbé ìwé yẹn síwájú, yóò kà á, yóò mú résísítọ̀ kan, yóò ka ilà ara rẹ̀, yóò tún wo ìwé, kó tó wá kì í bọ ihò. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti ìkángun tábìlì, ó ń pòṣé. Ó ní bí wọ́n bá ń kàwé kí wọ́n tó gbá eṣinṣin, eṣinṣin á ti jẹun yó. Ó ní òjé tó ń lò ti pọ̀ jù. Irọ́ ni. Òjé náà jókòó síbi tó yẹ kó jókòó, ó ń dán, kò sí ibì kan tó ti ṣàn kọjá àyè. Mùsílíù rí i pé ọwọ́ ọmọ náà dúró gírí ju ti òun lọ nígbà tí òun wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó rí i, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Lọ́jọ́ kẹta, Rẹ̀mílẹ́kún ki wáyà gìtá bọ ẹ̀gbẹ́ kan àpótí náà, ó ki ti ańpilifáyà bọ ìkejì, ó fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ó kan okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó jáde nínú súpíkà mú kí àwọn adìyẹ tó wà lábẹ́ tábìlì sá jáde. Ó kẹ̀, ó ha, ó bú, ó sì fa ara rẹ̀ gùn títí tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè. "Ó ṣiṣẹ́! Bàámi, ó ṣiṣẹ́!"

Ibi tó ti ń fò ni Bàbá Ọlátúnjí, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọjá lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó dúró. "Mùsílíù! Súpíkà rẹ ti ya o! Kí ló ṣẹlẹ̀ sí uṣẹ́ rẹ? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Ẹ̀jẹ̀ Mùsílíù gbóná. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, létí títì, ni irú ohùn yẹn ti jáde! Àwọn ọmọ oní-fóònù ti na ọrùn láti òdìkejì títì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó kàn ń nu àpótí náà nù. "Màá sọ fún gbogbo wọn n'Íkọ̀lé," ló wí tayọ̀tayọ̀. "Màá ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo ti kàn án."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún un lọ́kàn. Orúkọ rẹ̀ n'Íkọ̀lé, lára ohùn tó kẹ̀!

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Rẹ̀mílẹ́kún lọ sí Ọ̀yẹ́ láti ra okùn gìtá tuntun. Ó gbé àpótí náà sílẹ̀ lórí tábìlì. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Mùsílíù ní òun ti gbọ́. Ó lọ kírun, ó padà dé, ó bọ́ agbádá rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó jókòó, ó ń wo àpótí. Ó ronú títí, ó wá rí i pé òun kọ́ ni "ẹnikẹ́ni" nínú ṣọ́ọ̀bù ara òun. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà. Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, bí ẹnu ọmọ tuntun. Ẹlòmíràn ì bá dé e padà. Ṣùgbọ́n Mùsílíù ti gbọ́ àìsàn náà létí, kò sì sí ẹ̀rọ tó ṣàìsàn níwájú rẹ̀ rí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka kàn án níhìn-ín, ó fi kàn án lọ́hùn-ún, ó ń fetí sílẹ̀, títí ó fi rí ibi tí tiransísítọ̀ méjèèjì ti ń gba ariwo lọ́wọ́ ara wọn tí wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá. Ó yọ résísítọ̀ kan, ó fi òmíràn tó máa tẹ orí wọn ba rọ́pò rẹ̀. Ó tún yọ kàpásítọ̀ méjì, ó wá àwọn tó bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu láti inú agolo mílíìkì tó ń kó àlòkù sí, ó jó wọn mọ́ ọn. Àwọn tó yọ, ó jù wọ́n sínú agolo yẹn náà. Ìwé wà níbẹ̀, gbalaja, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí.

Wòsílátù, ìyàwó rẹ̀, ló wá wá kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ó bá a nídìí iṣẹ́. "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ọmọ ló ní kí ẹ tú u?"

"Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, ṣé òun ló ń sọ fún nọ́ọ̀sì irú abẹ́rẹ́ tó máa gbà?"

"Kò sọ fún mi pé ara nǹkan rẹ̀ gbóná. Ó ní ó ti ń ṣuṣẹ́."

"Kí lẹ mọ̀?" ni Mùsílíù dáhùn. "Ìwọ àti ọmọ rẹ."

Wòsílátù wo ọkọ rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀, ó gba ilé lọ láìmú kútẹ́ẹ̀sì. Mùsílíù dán àpótí náà wò. Ohùn tó jáde mọ́ gaara, ó ń dùn bí omi tó ń kán sínú ìkòkò. Orí rẹ̀ wú. Ó dé ìdí àpótí, ó ki nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́, ó kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sórí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè tètè gbẹ. Ìdùnnú gidi ni ó wà lójú rẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣe ọmọ òun lóore.

Kò sí iná fún ańpilifáyà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rẹ̀mílẹ́kún kò rí ọ̀nà dán nǹkan kan wò. Ó ju àpótí sínú báàgì, ó gbé gìtá kọ́ èjìká. Mùsílíù ti múra, ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun. "Mò ń bá ọ lọ," ló wí.

Ọmọ náà dúró sójú kan. "Ẹ̀yin, Bàámi? Ẹ fẹ́ wá gbọ́ mi?" Ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ létí títì, níṣojú àwọn ọlọ́kadà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà ní kékeré.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íkọ̀lé ni wọ́n lò. Gbóyèga jókòó síwájú pẹ̀lú awò dúdú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ bí ọba tó ń dúró de ìṣákọ́lẹ̀. Onílù wọn àti ẹni tó ń kọrin wà lórí pèpéle. Mùsílíù jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọmọkùnrin kan láti Ayégbajú ló kọ́kọ́ ta gìtá, ó fo ibi tó yẹ kó tẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín orin, ó fẹsẹ̀ tẹ fọ́ọ̀sì tirẹ̀, ohùn gìtá náà sì bú dé àjà. Mùsílíù fi ìka dí etí.

Ó kan Rẹ̀mílẹ́kún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn ti mọ̀ pé ọmọ yìí ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Onílù náà mi orí, Gbóyèga pàápàá yọ awò rẹ̀. Wọ́n dé àárín orin. Ìlù dákẹ́ láti fún gìtá láyè. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ẹsẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó fa okùn.

Ohùn kékeré kan jáde, ó mọ́ tónítóní, ó sì tinrín.

Nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Rẹ̀mílẹ́kún tún un tẹ̀. Ó yí bọ́tìnnì kékeré ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé òpin, ó tún un tẹ̀. Onílù bú sẹ́rìn-ín. "Orin tí ìyá àgbà fi ń rẹ ọmọ lo ta yẹn," ni Gbóyèga wí. "Ramúramù tí mo ní kí o bá mi bú dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀. Bóyá bátìrì ni." Ó kúnlẹ̀, ó dojú àpótí náà délẹ̀ kó lè tú u. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, kò tú nǹkan kan. Mùsílíù rí i láti ẹ̀yìn tí ọmọ náà fi àtàǹpàkò kan nọ́ọ̀tì kìíní, ó kan ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Rẹ̀mílẹ́kún gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ojú kan láàárín àwọn tó jókòó, ó sì rí i. Ọwọ́ Mùsílíù ṣì wà lókè níbi tó ti ń pàtẹ́wọ́.

"Ta ló kàn án fún ọ?" ni Gbóyèga béèrè. "Jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, ká má baà ṣèèṣì gbé iṣẹ́ wa lọ bá a."

Ó kù kí ọmọ náà na ìka, kí ó dárúkọ, kí àmì pupa Baba Rédíò di ẹ̀sín láti Ìkọ̀lé dé Ìdó.

"Èmi ni mo kàn án, sà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ẹ̀bi mi ni."

Níbo wá ni ẹnu Mùsílíù wà? Ẹnu tó ń bú oní-fóònù, tó ń bú yunifásítì, tó ń bú òyìnbó lókè òkun? Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ: "Èmi ni." Kó dìde, kó sọ ọ́, bóyá Gbóyèga á ní kí ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kò dìde. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Wọ́n mú ọmọkùnrin Ayégbajú, ẹni tó fo ibi tó yẹ kó tẹ̀.

Nínú takisí tí wọ́n wọ̀ padà, Rẹ̀mílẹ́kún gbé báàgì lé itan, ó ń wo ìta. Wọ́n kọjá Ọ̀yẹ́. Wọ́n dé Ìfàkì, Mùsílíù kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà sọ: "Ohùn rẹ̀ ṣáà mọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, Mùsílíù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni ó gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ọ̀gá." Rẹ̀mílẹ́kún ni. Kò wọlé bí ọmọ ilé. Òdìkejì tábìlì, níta, níbi tí àwọn oníbàárà máa ń dúró sí, ló dúró sí.

"Wọlé, kí lo dúró síta fún?"

"Uṣẹ́ ni mo gbé wá." Ó gbé àpótí náà kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè hàn. "Àmì yín ló wà nídìí rẹ̀. Ó ti bàjẹ́." Ó nàka sí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó wà lára ògiri.

Mùsílíù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá. Bí oníbàárà bá gbé ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, páálí kékeré ló máa ń gé, tó ń kọ orúkọ ẹni náà àti àìsàn ẹ̀rọ sí, tó ń so mọ́ ọn. Ọmọ náà dúró, ó ń retí páálí tirẹ̀. Bàbá gé e. Ó kọ Rẹ̀mílẹ́kún Àrẹ̀mú síbẹ̀. Ó wá gbé bíírò dúró.

"Kí ni àìsàn rẹ̀?"

"Ohùn rẹ̀ mọ́ jù."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Mùsílíù kò kọ irú rẹ̀ rí. Ó kọ ọ́. "Rẹ̀mí," ló wí, "mo fẹ́ kó dára ni."

"Ó dára tẹ́lẹ̀, ọ̀gá."

"Màá lọ bá Gbóyèga. Màá sọ fún un pé èmi ni."

"Ó ti mú ẹlòmíràn. Ẹ kàn bá mi bà á jẹ́ padà bí mo ṣe ṣe é." Ó mú ìwé jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Àmì ìdí ife tíì ṣì wà lára rẹ̀, roboto, láàárín àwòrán. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà.

Mùsílíù wọ awò ojú. Ó fi ìka tọ ilà inú ìwé bí ọmọ ilé kéwú. Àwọn ohun tó yọ wà nínú agolo mílíìkì, láàárín àlòkù ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó sì ní láti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àárọ̀ di ọ̀sán. Ó jó kàpásítọ̀ kan mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó tún un yọ. Nígbà tí ó yá, ó bi ọmọ náà pé, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Rẹ̀mílẹ́kún dìde, ó kà á fún un, ó padà lọ jókòó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mùsílíù máa ń pa òwe yẹn fún àwọn èèyàn, àgbà nìkan ló sì máa ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ nígbà tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, ó na gìtá sí ọmọ náà. Rẹ̀mílẹ́kún fa okùn kan. Ó kẹ̀, ó ha, ó bú. Àwọn adìyẹ sá jáde.

Bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́, Bàbá Ọlátúnjí ń bọ̀ láti oko. "Mùsílíù! Súpíkà rẹ tún ti ya!"

Mùsílíù la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí!" ló kígbe. Àwọn oní-fóònù gbọ́ ọ ní òdìkejì. Bàbá Ọlátúnjí mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mùsílíù wo ọmọ rẹ̀. Ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín báyìí. Ó dé ìdí àpótí, ó ki àwọn nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ó fi ọ̀bẹ kékeré ha kútẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kúrò lórí wọn títí wọ́n fi dán. Ó fi aṣọ nu gbogbo ara àpótí náà. Ó wá ṣí ìgò kútẹ́ẹ̀sì, ó fa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yọ, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ kan bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Rẹ̀mílẹ́kún fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí àpótí náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ló wí, kò jágbe, kò sì wò ó lójú, "ẹ má fi àmì yín sí i."

Ó gbé e sínú báàgì, ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó kí i pé ó dàárọ̀ bí oníbàárà ṣe ń kí ènìyàn, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń sùn. Mùsílíù dúró nídìí tábìlì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kútẹ́ẹ̀sì sì ti gbẹ mọ́ ọn kó tó rántí dé ìgò náà.